Ọ̀rọ̀ Ẹsẹ̀ Tí Mo Sọ ní Thamesmead

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan wà lẹ́yìn Plumstead tí mo kórìíra ju òtútù ìlú òyìnbó yìí lọ. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí pé wọn ò yẹ lẹ́ni tí à ń dárúkọ. Wọ́n kéré débi pé ìwé ìròyìn kì í rántí wọn. Pápá wọn ò fi bẹ́ẹ̀ dára ju èyí tí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà tí mo wà ní girama ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ. Páànù ni wọ́n fi bo ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo tí èèyàn lè jókòó sí, òjò sì ń jò wọ ibẹ̀. Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún wọn, oníṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n láàárín ọ̀sẹ̀; aṣọ́lé wọn ń tún páìpù omi ṣe, ó sì yẹ kó gbájú mọ́ páìpù.

Ìwà wọn ni mi ò lè gbà. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í borí, wọ́n á borí títí ẹ óò fi rò pé wọn ò ní í fìdí rẹmi mọ́ láyé. Bí wọ́n bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í fìdí rẹmi, àfi bí ẹni pé wọ́n ṣépè fún wọn. Kò sí àárín. Wọn kì í borí lónìí kí wọ́n ta ọ̀mì lọ́la bí ọmọlúàbí. Ẹni tó bá sì fẹ́ sọ fún mi pé bọ́ọ̀lù lásán ni, kó má wulẹ̀ bá mi jiyàn. Sáà tó kọjá yìí ni wọ́n fẹ́ẹ̀ tú ilé mi ká. Ẹnu mi ló sọ ọ̀rọ̀ tó bá ilé jẹ́, mo gbà, ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sí mi lẹ́nu.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti lò níbí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, kì í ṣe òtútù ló bà mí lẹ́rù, pé wọn kì í pariwo ni. Abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan ní Powis Street ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí kò ti sí fèrèsé. Èmi ni mo ń tú aṣọ jáde nínú páálí, tí mo ń fi wọ́n kọ́, tí mo ń tò wọ́n bí ìwọ̀n wọn ṣe rí. Ọ̀gá wa nígbà náà, bí inú bá ń bí i sí èèyàn, ńṣe ló máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Á ní, "No worries." Ìwọ á lọ sílé, ìwọ á sùn dáadáa. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wàá rí i pé wọ́n ti dín ọjọ́ iṣẹ́ rẹ kù, kò sì sẹ́ni tó máa sọ ìdí rẹ̀ fún ọ.

Níbi tí mo ti wá, bí inú bá bí èèyàn, ará àdúgbò á gbọ́. Wọ́n á jà, wọ́n á là á, ọ̀rọ̀ á tán, wọ́n á jọ jẹun. Níbí, mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì láti Thamesmead láàárọ̀, mo máa ń wọ̀ ọ́ padà lálẹ́, ó sì lè tó ọjọ́ mẹ́ta tí mi ò ní gbé ohùn mi sókè ju bí mo ṣe ń kí dẹ́rẹ́bà lọ. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara mi sọ̀rọ̀ láàárín àwọn kóòtù òtútù tí mo fi kọ́. Inú ń bí mi, mi ò sì mọ ẹni tí mo lè bínú sí.

Ken ló mú mi lọ síbi bọ́ọ̀lù. Òyìnbó àgbàlagbà kan ni, a jọ ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ilẹ̀ yẹn. Fún odidi ọdún kan, ohun tó máa ń sọ fún mi ò ju "Morning" àti "See you" lọ. Ní Sátidé kan ló bi mí bóyá mo fẹ́ tẹ̀ lé òun lọ wo ẹgbẹ́ òun. Mo ní kò burú, nítorí pé ilé mi ò ní nǹkan kan nínú ju bẹ́ẹ̀dì lọ.

A ò tíì jókòó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí aṣọ́lé fi jẹ́ kí bọ́ọ̀lù kan gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá. Ken dìde. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ata. Ken tí kì í sọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bú aṣọ́lé, ó bú ìyá rẹ̀, ó bú ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ páìpù, ó bú ilé tí wọ́n bí i sí. Gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ páànù ń bú u pẹ̀lú rẹ̀, ọkùnrin, obìnrin, títí kan ìyá àgbà kan tó gbé tíì dání. Omi fẹ́ẹ̀ bọ́ lójú mi. Mo ní, à á, àwọn èèyàn yìí mọ bí wọ́n ṣe ń bínú. Ni èmi náà bá dìde, mo fi Yorùbá pariwo pé, "Olódo! Olódo rabata!" Kò sí ẹni tó yíjú padà wò mí.

Ní Sátidé kejì, Ken bi mí pé kí ló ń jẹ́ olódo. Mo sọ fún un pé ẹni tó gba òdo nínú ìdánwò ni. Ó rò ó wò, ó ní ó dáa. Kó tó di Kérésìmesì, gbogbo abẹ́ páànù ló ti ń pe rẹfirí ní olódo, bí wọ́n tilẹ̀ ń pè é bí ẹni tí ahọ́n rẹ̀ wú. Èmi ni mo kọ́ wọn. Nínú ohun tí mo ti ṣe nílùú yìí, ìwé ẹ̀rí kan wà tí mo gbà tí kò dùn mọ́ mi tó ìyẹn.

Mo ti rò ó lọ rò ó bọ̀. Àwọn èèyàn a máa sọ pé ibi tí inú èèyàn ti ń dùn ni ilé rẹ̀. Irọ́ ni. Inú àlejò máa ń dùn. Wọ́n á fún un lóúnjẹ, á máa dúpẹ́. Ibi tí èèyàn ti lè bínú tí wọn ò ní ní kó máa lọ sílùú bàbá rẹ̀, ibẹ̀ ló ti di ará ilé. Abẹ́ páànù yẹn nìkan ni irú ibẹ̀ tí mo ní. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè fi àwọn aláìnítìjú yẹn sílẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe mí tó.

Ìyá Tóyìn, ìyàwó mi, wà nílé ní gbogbo ìgbà yẹn, ó ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì ń tọ́ ọmọ wa. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni mo máa ń pè é, lẹ́yìn bọ́ọ̀lù. Kò rí àwọn èèyàn yẹn rí, ṣùgbọ́n ohun tó máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé wọ́n win?" Bí mo bá ní wọ́n win, á sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ilé fún mi, dáadáa àti búburú. Bí mo bá ní wọn ò win, á bá mi sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Nígbà tí ìjì gbé òrùlé wa lọ, ọjọ́ mẹ́wàá ló fi pa á mọ́ra, òun àti Tóyìn ń sùn ní pálọ̀ aládùúgbò. Ó dúró di ìgbà tí a na ẹgbẹ́ kan ní gólù mẹ́ta sí òdo.

"Ẹ bá mi sọ fún Dàpọ̀ pé kó máa fún ẹlòmíràn ní bọ́ọ̀lù," á sọ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù. "Kò lè dá a gbá."

Báyìí la ṣe jẹ́ tọkọtaya fún ọdún mẹ́jọ àti oṣù díẹ̀.

Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbí ni Dàpọ̀, òun ló ń gbá iwájú fún wọn. Ó ń sáré bí ajá tó jí ẹran, kì í sì í wo ibi tó ń lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà tó kọjá, a fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹfà léraléra, Dàpọ̀ sì sọ pẹnáritì mẹ́ta nù nínú ẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe ní Powis Street ló ń bá ṣiṣẹ́, kò jìnnà sí tiwa. Nígbà tí mo gba ìsinmi ọ̀sán, mo lọ bá a níbẹ̀.

"Dàpọ̀, kí ló ṣe ọ́ lọ́jọ́ Sátidé?"

"Uncle, allow it now," ó ní, pé kí n fi í sílẹ̀. "Ṣé o rí bí pitch yẹn ṣe wà ni? Ball yẹn kàn ń jump anyhow."

Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìyẹn, mo fi jì í. "Pẹnáritì ńkọ́? Ṣé bọ́ọ̀lù ń jump níbi pẹnáritì náà?"

"I missed, innit. Once."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni."

"Okay, three times." Ó nu tábìlì tó wà níwájú rẹ̀. "Ṣé o fẹ́ screen protector?"

Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun ọ̀sán. Mo sọ fún Ken pé mi ò ní í lọ síbẹ̀ mọ́. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo tún lọ, wọ́n sì borí. Wọ́n borí lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n borí lọ́sẹ̀ kẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni wọ́n borí léraléra. Dàpọ̀ gbá bọ́ọ̀lù kan wọlé láti ọ̀nà tó jìn débi pé a rò pé ó ti ya wèrè. Ken ò fọ ìbọ̀sẹ̀ tó wọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n borí. Ó ní bí òun bá fọ̀ ọ́, oríire á dà nù sínú omi. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé òyìnbó náà ní tiwọn. A ti wà ní ipò kejì nínú lígì. Àárín ìgbà yẹn gan-an ni físà Ìyá Tóyìn jáde. Tóyìn ti wọ yunifásítì, kò sí ohun tó tún ń dá ìyá rẹ̀ dúró. Ó dé ní Ọjọ́bọ̀ kan, ní ìparí oṣù kọkànlá.

Kí n tó máa bọ́rọ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí. Gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ìyàwó wọlé tí ọjà ọkọ bẹ̀rẹ̀ sí í tà, wọ́n á ní ẹsẹ̀ ire ló gbé wọlé. Bí nǹkan bá dojú rú, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà ni wọ́n á máa wò. Kò tíì pé ogójì ọjọ́ tí mo gbé Ìyá Tóyìn níyàwó tí bàbá mi kú. Wọ́n ń se oúnjẹ òkú lọ́wọ́ ní ẹ̀yìnkùlé, òun náà ń bá wọn ṣá ẹran, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Ìyábọ̀, sọ létí rẹ̀ pé, "Ẹsẹ̀ tí àwọn kan gbé wọlé yìí le o." Mo gbọ́ ọ. Mo gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ìyàwó mi, mo sọ fún Àǹtí Ìyábọ̀ lójú gbogbo ẹbí pé ẹni tó bá tún sọ bẹ́ẹ̀, kó má pe ara rẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n mi mọ́. Ọdún mẹ́ta ni mi ò fi jẹun nílé rẹ̀. Ìyá Tóyìn sọ fún mi nígbà tó yá pé ọjọ́ yẹn lòun mọ̀ pé òun ti rí ọkọ fẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tí mo gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn nìyẹn.

Ní Sátidé àkọ́kọ́ tó lò níbí, ó ní òun máa bá mi lọ wò wọ́n. Ó din ṣinṣín dání fún Ken. Mo ra síkáàfù ẹgbẹ́ fún un, ó wé e mọ́ orí bíi gèlè, gbogbo abẹ́ páànù ń kí i káàbọ̀. Ẹgbẹ́ tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni a fẹ́ bá gbá. Wọ́n nà wá ní gólù mẹ́rin sí òdo. Ìyá Tóyìn ń fi ọwọ́ pa mí lẹ́yìn, ó ní kò burú, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa borí. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún lọ, wọ́n tún nà wá. Èyí tó tẹ̀lé e, ìlú míì ni wọ́n lọ gbá a sí, ilé lòun wà, wọ́n nà wá síbẹ̀síbẹ̀. Ken fọ ìbọ̀sẹ̀. Kò yí nǹkan kan padà.

Ẹ wò ó, mi ò jókòó kí n máa rò ó pé ìyàwó mi ni. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ń wo nǹkan tó ń bàjẹ́ tí kò rí ìdí rẹ̀, ọkàn rẹ̀ á máa wá ibi tí yóò gbé ẹ̀bi lé. Mo kà á: ẹ̀ẹ̀mẹjọ kó tó dé, òdo lẹ́yìn tó dé. Mo tún un kà nínú bọ́ọ̀sì. Mo tún un kà níbi iṣẹ́, láàárín àwọn kóòtù.

A máa ń pàdé fún àdúrà nílé Mummy Àjàyí ní Thamesmead, ní ọ̀sán Sunday, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni Mummy, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, òun ni gbogbo wa ń pè ní ìyá nílùú yìí. Ní oṣù kìíní, a ti gbàdúrà tán, a ń jẹ ìrẹsì. Èèyàn bíi méjìlá la wà ní pálọ̀. Bùrọ́dà kan bi mí pé, "Bọ́ọ̀lù yín ńkọ́? Ṣebí ẹ ní ẹ máa gba ife?"

Mo ní, "Ẹ má bi mí, ẹ bi Ìyá Tóyìn. Eight straight wins la ní kó tó dé. Láti ọjọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan airport, a ò tíì win ẹyọ kan."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bùrọ́dà yẹn rẹ́rìn-ín títí tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Inú mi dùn pé mo pa wọ́n lẹ́rìn-ín, kí n má purọ́. Ìyá Tóyìn náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn àwo, bí ọ̀pọ̀ ò tilẹ̀ tíì jẹun tán.

Mummy Àjàyí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Daddy Tóyìn," ó ní, "ọ̀rọ̀ yẹn ò dáa o."

"Mummy, joke ni."

"Mo mọ̀ pé joke ni. Kò dáa náà ni."

A rìn lọ sílé, kò jìnnà. Nígbà tí ìyàwó mi bọ́ kóòtù rẹ̀ tán, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ní, "Bàbá Tóyìn, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi yín. Ohun tí Àǹtí Ìyábọ̀ sọ nígbà tí bàbá yín kú, ṣé wọ́n jàre ni?"

Mo ní, "Kí ló dé tí o fi ń sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí? Mo ní joke ni."

"Mo gbọ́."

"Eré bọ́ọ̀lù ni mò ń sọ."

"Mo ní mo gbọ́, Bàbá Tóyìn."

Kò bá mi jà. Ọ̀rọ̀ ìbá rọrùn ká ní ó bá mi jà. Ó rí iṣẹ́, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn lókè Shooters Hill, ó sì ń gba iṣẹ́ ọjọ́ Sátidé tí àwọn ẹlòmíràn ò fẹ́. Ó ń se oúnjẹ, ó ń kí mi láàárọ̀, ó ń bi mí bóyá mo fẹ́ tíì. Ṣùgbọ́n kò tún bi mí pé ṣé wọ́n win. Kò sì sọ nǹkan kan fún mi mọ́, ì báà jẹ́ dáadáa, ì báà jẹ́ búburú. Ẹnu àwọn èèyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti ń gbọ́ pé ó ṣubú lórí yìnyín níwájú ilé arúgbó kan, pé ọwọ́ rẹ̀ wú fún ọ̀sẹ̀ kan. Èmi tí a jọ ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kan, mi ò mọ̀. Ọdún mẹ́jọ àti oṣù díẹ̀ ni mo fi dá gbé nínú ilé yẹn, n kò sì dá wà tó bí mo ṣe dá wà ní oṣù kejì yẹn.

Tóyìn pè mí láti yunifásítì. "Daddy, kí lẹ sọ fún Mummy?"

"Ṣé ó sọ nǹkan kan fún ọ ni?"

"Rárá o. Mummy ò sọ nǹkan kan. Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ẹ sọ nǹkan."

Ní gbogbo àkókò yìí, ẹgbẹ́ ò ṣíwọ́ fífìdí rẹmi. Ìyàwó mi ò lọ síbẹ̀, kò sí nílé, kò bi mí, wọ́n ṣì ń fìdí rẹmi. Ó yẹ kí ìyẹn ti kọ́ mi lọ́gbọ́n. Dípò bẹ́ẹ̀, mo túbọ̀ ń bínú sí wọn. Mo bú aṣọ́lé títí ohùn mi fi há. Mo pariwo mọ́ Dàpọ̀ lọ́jọ́ kan pé kó padà síbi tí wọ́n ti ń ta screen protector. Ó yíjú, ó ní, "Uncle, go home, man!" Abẹ́ páànù pátẹ́wọ́ fún un. Kò sẹ́ni tó ti sọ fún mi rí níbẹ̀ pé kí n máa lọ sílé, mo sì mọ̀ pé ẹjọ́ mi ni.

Mo lọ bá Mummy Àjàyí. Mo ní mo ti bẹ̀ ẹ́ nílé lọ́pọ̀ ìgbà, ó ń sọ pé ó ti tán, kò sì tán. Mummy ní, "Ṣé yàrá lo ti sọ ọ́? Ibi tí o ti sọ ọ́ ni kí o ti lọ kó o." Ní Sunday tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn àdúrà, kí wọ́n tó gbé oúnjẹ wá, mo dìde láàárín pálọ̀. Mo ní gbogbo wọn ló gbọ́ ohun tí mo sọ nípa ìyàwó mi, pé ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni, pé kò sì yẹ kí n sọ ọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un lórí kápẹ́ẹ̀tì Mummy Àjàyí. Ojú tì mí, mo sì fẹ́ kó tì mí. Àwọn èèyàn ń sọ pé, "Ó ti tó, ó ti tó, ẹ dìde." Ìyá Tóyìn fà mí lọ́wọ́ dìde. Ó ní, "Mo ti gbọ́, ẹ ṣeun." Láti ọjọ́ yẹn ó tún ń bá mi sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò tíì bá mi rẹ́rìn-ín.

Ó wá ku eré kan. Bí wọ́n bá borí, wọ́n á dúró sínú lígì. Bí wọn ò bá borí, wọ́n á já sílẹ̀. Mo rò pé mo ti rí ọgbọ́n tí mo máa dá. Mo ní, "Ìyá Tóyìn, bá mi lọ. Jẹ́ kí gbogbo wọn rí i pé a jọ wá."

Ó ń lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Kò gbé ojú sókè. "Bí mo bá lọ, tí wọ́n bá lose, èmi ni. Bí mi ò bá lọ, tí wọ́n bá win, torí pé mi ò lọ ni. Ẹ sọ fún mi, níbo ni kí n dúró sí?"

Mo dá lọ.

Oòrùn ràn lọ́jọ́ náà. Èrò pọ̀ ju bó ṣe máa ń pọ̀ lọ. Fún wákàtí kan, kò sí gólù, mo sì ń bú wọn bí mo ṣe máa ń bú wọn. Lẹ́yìn náà ni Dàpọ̀ gba bọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, ó sáré kọjá ẹni mẹ́ta, ó gbé ojú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ó sì gbá a wọlé. Páànù fẹ́rẹ̀ẹ́ fò lọ. Ken di mọ́ mi. Èmi náà ń fò sókè, ni ọ̀rọ̀ ìyàwó mi bá sọ sí mi lọ́kàn: bí wọ́n bá win, torí pé mi ò lọ ni.

Mo jókòó. Ó ku ogún ìṣẹ́jú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà kí àwọn yẹn gbá tiwọn wọlé. Mo gbà á pẹ̀lú gbogbo ọkàn mi. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn dá nìkan dé iwájú aṣọ́lé wa, mo dìde, mo pariwo pé, "Gbá a wọlé! Gbá a wọlé, jọ̀ọ́!" Ken ò gbọ́ Yorùbá, ó rò pé mò ń bú wọn ni, òun náà ń pariwo "Olódo!" lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Aṣọ́lé tó ń tún páìpù ṣe, tí kò mú bọ́ọ̀lù gidi kan láti oṣù kọkànlá, fò, ó sì fi ìka kan gbé e jáde. Gbogbo ọjọ́ tí mo fi sọkún kí wọ́n borí, wọn ò gbọ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí wọ́n fìdí rẹmi ni wọ́n borí. Wọ́n ń kọrin, Ken ń sunkún, mo sì kórìíra gbogbo wọn pátá, láti orí kóòṣì títí dé orí ẹni tó ń gé koríko.

Mo bá Ìyá Tóyìn nílé. Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló fẹ́ lọ ṣe, ó ti wọ aṣọ rẹ̀, ó ń wá káàdì bọ́ọ̀sì. Ó wo ojú mi.

"Wọ́n win," ó ní. Kò bèèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ kú oríire."

Mo ní, "Ìyá Tóyìn, gbọ́ mi. Mo gbàdúrà kí wọ́n lose. Lóòótọ́ ni mo sọ. Mo dìde dúró, mò ń pariwo kí àwọn yẹn gbá a wọlé."

Ó dúró. Ojú rẹ̀ rọ̀, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. "Nítorí tèmi?"

"Nítorí tìẹ. Kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ẹsẹ̀ rẹ ni."

Ó rí káàdì rẹ̀ lábẹ́ ìwé kan, ó fi í sápò. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀ rárá.

"Ẹ ti bẹ̀ mí torí pé ẹ sọ ọ́, mo sì ti gbà. Mi ò ní í tún un gbé yọ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, Bàbá Tóyìn, kí ló kàn án bóyá wọ́n win tàbí wọ́n lose?"

Ó ní oúnjẹ wà nínú fìríìjì, kí n gbé e kaná. Ó jáde lọ wọ bọ́ọ̀sì Shooters Hill. Mo jókòó, mo fẹ́ pe Tóyìn kí n sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ò tọ̀nà, pé mi ò gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́ láyé mi, pé èmi ni mo gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo ẹbí. Kí n tó pè é, mo wá ìgbàgbọ́ yẹn nínú ara mi dáadáa, kí n má lọ purọ́ fún ọmọ. Mo bá a níbẹ̀.